Èsì rẹ̀ pé, ọ̀nà tó gbà ni tíṣà fa X sí

ÌYÁ ALÁṢỌ, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ pé tíṣà wà níbí, òbí náà wà níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé e wá.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́sàn-án, práímárì fóò ló wà. Wọ́n fún wọn ní ìṣirò mẹ́wàá ní kíláàsì, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni 48 + 37. Ó kọ 85 sílẹ̀, kò kọ nǹkan mìíràn. Tíṣà fi bírò pupa fa X sí i. Wọ́n ní kò fi iṣẹ́ hàn, pé ó ní láti jẹ́ pé ìwé ẹni tó jókòó tì í ló wò. Wọ́n nà án lẹ́gba méjì.

Nígbà tó délé, tó ń sunkún, mo bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé 85 ni?" Ó ní: "Mọ́mì, méjìdínláàádọ́ta àti mẹ́tàdínlógójì ni. Àádọ́ta àti ogójì, àádọ́rùn-ún. Méjì ló dín níbẹ̀ yẹn, mẹ́ta ló dín níbí. Márùndínláàádọ́rùn-ún."

Ẹnu yà mí. Èmi tí mo kàwé dé poli, bí mo bá fẹ́ ṣe é, màá to 37 sábẹ́ 48, màá ro 8 mọ́ 7, màá kọ 5, màá gbé 1 lọ sórí 4. Ọmọ yìí ò gbé nǹkan kan lọ síbì kankan. Orúkọ tí àwọn nọ́mbà yẹn ń jẹ́ ní Yorùbá ló tẹ̀ lé, ọ̀nà sì là fún un.

N kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni wọ́n jọ ń ta ayò lálaalẹ́. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò méjìlá. Bí màmá bá ti jẹ 21, ọmọ ti mọ̀ pé 27 ló kù tí àwọn jọ ń dù. Yorùbá ni wọ́n fi ń kà á, torí màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé kí n lọ bá tíṣà ni àbí kí n kọ́ ọmọ kó máa ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́? Ohun tó dùn mí jù ni pé láti ọjọ́ yẹn, kò fẹ́ bá ìyá àgbà ta ayò mọ́. Ó ní ayò ló kó bá òun.

TÍṢÀ OLÓÒÓTỌ́, Ọ̀yọ́

Ẹ kú inú rere, mà. Tíṣà ni mí, práímárì fóò náà ni mò ń kọ́, ọdún kẹtàlá mi nìyí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ẹgba kò yẹ rárá. Ẹni tí ẹ bá fura sí pé ó jí ìdáhùn wò, ẹ fún un ní ìbéèrè mìíràn lójú ara yín, ọ̀rọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Ọmọ 68 ló wà ní kíláàsì mi. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní 35 ni kó wà lọ́wọ́ tíṣà kan. Bí mo bá fẹ́ yẹ ìwé ọmọ 68 wò, ìṣirò mẹ́wàá-mẹ́wàá, 680 ni mo ní láti fojú kàn kí aago tó lù. Èsì nìkan ni ojú mi máa ń wá, àti bóyá ó ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́ sójú pátákó. N kò ní àsìkò láti jókòó ti ọmọ kan kí n bi í pé kí ló rò.

Kì í sì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ń ní kí ọmọ fi iṣẹ́ hàn. Bí èsì bá ṣì, iṣẹ́ tó kọ sílẹ̀ ló ń jẹ́ kí n rí ibi tó ti ṣìnà. Lọ́jọ́ iwájú, nínú ìdánwò WAEC, máàkì wà fún ọ̀nà, máàkì wà fún èsì. Níbi tí tíṣà yẹn ti kùnà lójú tèmi ni pé ó gbà pé ọ̀nà kan péré ló wà láyé.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, kí àwọn òbí yòókù má baà gba ibẹ̀ yọ. Àwọn kan máa ń wá bá wa pé ọmọ tàwọn jẹ́ ẹni tó ń fi ojú kọ́ ẹ̀kọ́, tàbí ẹni tó ń fi etí kọ́ ọ, pé bẹ́ẹ̀ nìkan ni ká ṣe máa kọ́ ọ. Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn wò, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó pé ọmọ á mọ̀wé sí i bí a bá fi "irú" tirẹ̀ nìkan kọ́ ọ. Ọmọ yìí kì í ṣe irú kan. Ohun tó ti mọ̀ nílé ló mú wá sí kíláàsì. Àwa tíṣà la ò béèrè.

ỌLỌ́WỌ́ ÒSÌ, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó ń dùn mí. Ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fún mi láti fi ṣiṣẹ́. Ní práímárì wáànù, bí mo bá ti fi ọwọ́ òsì mú pẹ́ńsù, wọ́n á fi rúlà gbá ìka mi. Wọ́n ní ìwà àfojúdi ni, pé ọwọ́ òsì kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń na nǹkan sí àgbà. Òótọ́ ni pé a kì í fi í kí àgbà nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe àgbà.

Mo kọ́ láti fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé. Mo sì di ẹni tí ìwé kíkọ sú. Gbogbo ohun tí tíṣà bá kọ sójú pátákó, n kì í kọ ọ́ tán kí wọ́n tó nù ún, ni wọ́n bá ń pè mí ní olódo. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ni mò ń ṣe, ọwọ́ òsì ni mo fi ń wọn fèrèsé tí mo sì fi ń gé e, kò sì sí èyí tí kì í bá ojú ihò rẹ̀ mu. Ìyá Aláṣọ, ẹ tètè lọ síbẹ̀. Kì í ṣe nítorí máàkì, nítorí ohun tí ọmọ náà ń sọ fún ara rẹ̀ ni.

BÀBÁ FẸ̀YÌNTÌ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àkíyèsí o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí ẹ̀ ń sọ yìí kì í ṣe tuntun níbí.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ò gbẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì wà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ ni, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kejì tí wọ́n fi ń wé wọn, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn kí wọ́n tó gbé wọn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yòókù.

Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ló ṣe dáadáa jù. Kódà, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn ò gbẹ́yìn sí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, wọ́n ní láti wá orúkọ fún àwọn nǹkan tí a kì í dárúkọ ní kíláàsì tẹ́lẹ̀. Fafunwa wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, síbẹ̀ ìdánrawò náà ò di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà práímárì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ìyá aláṣọ ò mọ Fafunwa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá ní Mọdákẹ́kẹ́ lọ́jọ́un ló ṣe lórí ìṣirò 48 + 37 yẹn. Ọmọ tó bá ń ronú ní èdè tó yé e, ọgbọ́n inú èdè náà á ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe ònkà wa ló fi "dín" sínú nọ́mbà. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta.

ÌṢÒWÒ_LÀGBÀ, Èkó

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ sọ tèmi. Gbogbo èyí dára létí. Ṣùgbọ́n JAMB kì í béèrè "márùndínláàádọ́rùn-ún". Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń máàkì ẹ, A, B, C, D ni. Àwọn òbí wa jẹ̀bà láìsí ẹran kí a lè kàwé ká sì rí iṣẹ́. Ọmọ tí ẹ bá ń fi ọ̀nà tirẹ̀ kẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ̀nà ìdánwò, ta ló máa gbà á sí yunifásítì? Ẹ kọ́ ọ ní ti ilé ẹ̀kọ́. Tó bá di ọ̀gá tán, kó máa ta ayò.

ÌYÁ ALÁṢỌ, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yín ò bí mi nínú, ẹ̀rù kan náà ló ń bà mí. Àmọ́ tí ẹ bá ní A, B, C, D ni, èyí tí ọmọ mi ń ṣe ló yá jù níbẹ̀. Mo fún un ní ogún ìṣirò lánàá, kò lo bírò àfi láti kọ èsì, ó gba méjìdínlógún. Èmi tí mo jókòó tì í ń to nọ́mbà lọ́kọ̀ọ̀kan ò tí ì ṣe méjìlá tán. Kò ju pé orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ.

ỌMỌ AGBẸ́GILÉRE, Ìlá

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa kún un, torí mo rí i pé àwọn kan ti fẹ́ máa sọ pé ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ló fún ọmọ lómìnira, ti òyìnbó ló dì í lókùn. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí mi sí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ bá wọ ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ igi gbígbẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló wù ú. Iṣẹ́ ọ̀gá ni wàá máa wò ṣe, lọ́dún dé ọdún. Ìpele ìpele ló sì wà: ọnà lílé ni àkọ́kọ́, níbi tí a ti ń gé igi kí ìrísí rẹ̀ lè jáde, alétúnlé tẹ̀ lé e, dídán, kó tó wá kan fínfín, tí ọ̀bẹ á fi fín ojú, irun àti ìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifá. Odù 256 ni, àkọ́sórí ni ọmọ awo fi ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀gá á dá a padà. Ẹni tó bá ní òyìnbó ló gbé àkọ́sórí wá sílẹ̀ wa, kó lọ jókòó sí ilé awo fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Ẹ wo Lamidi Fakeye, ọmọ ìlú wa. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, sí ilé iṣẹ́ tí àwọn fadá Kátólíìkì dá sílẹ̀, níbi tí Bándélé ọmọ Àrówóògùn ti kọ́ ọ. Àgbà ti ń bá a kó tó tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbó tán, kò sí ẹni tó máa rí iṣẹ́ rẹ̀ tí á ní ti Bándélé ni. Ó fi iṣẹ́ yẹn kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ohun tí mo rí ni pé ọ̀gá ń wo ọwọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó mọ ọwọ́ tó le, ó mọ ọwọ́ tó rọ̀, ó mọ ẹni tó ń yára àti ẹni tó ń pẹ́. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí àwọn márààrún gba òmìnira lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà tí ọwọ́ kálukú bá tó ni. Ilé ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀, bí oṣù kéje bá ti pé, gbogbo yín lọ sí kíláàsì tó kàn tàbí kí ẹ padà sẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún wà tí kò jọ èyí. Ní Òṣogbo, ní 1962, Dúró Ládípọ̀ tó ń ṣe eré orí ìtàgé àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, dá Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà kan, sílẹ̀. Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kéékèèké tí wọ́n ṣe níbẹ̀ títí di 1964 ni àwọn bíi Jimoh Buraimoh ti di ayàwòrán. Òun ló ń tan iná fún eré Dúró Ládípọ̀ tẹ́lẹ̀. Twins Seven-Seven, ẹlòmíràn nínú wọn, ijó ló ń jó lẹ́yìn ẹni tó ń ta oògùn. Wọ́n gbé ọ̀dà àti bébà fún wọn, wọn ò gbé àwòrán kankan síwájú wọn pé kí wọ́n wò ó yà. Buraimoh bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, bí wọ́n ṣe ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára adé ọba. Kò sí kíláàsì tó máa fún un ní máàkì fún ìyẹn.

Ọ̀nà méjèèjì yìí bímọ. Èmi ò lè sọ pé ọ̀kan ló tọ̀nà.

ÌYÁ TÈMI_PECKHAM, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún kẹrin níbí. Tíṣà rẹ̀ máa ń ní kí wọ́n wá ọ̀nà méjì sí ìṣirò kan, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún ẹnìkejì. Ó dára gan-an, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọdún kẹfà ń bọ̀ wá bá wọn náà, àwọn tó wà níwájú ti ń fi ìwé ìdánwò àtijọ́ jẹun àárọ̀. Ìdánwò ò fi ibì kankan sílẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé mo pe ọmọ mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ, mo ní kó ka ení, èjì fún mi. Ó kà á dé ẹẹ́wàá, ó dúró. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀nà méjì ni tíṣà òyìnbó ní kó wá, èyí tó wà nílé wa, èmi ni mi ò fún un. Mo ti ra ọpọ́n ayò lánàá.

TÍṢÀ OLÓÒÓTỌ́, Ọ̀yọ́

Mo padà wá. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì. N kò sọ fún wọn pé ọ̀nà tuntun ni. Mo kọ 29 + 18 sójú pátákó, mo ní kí wọ́n pe nọ́mbà méjèèjì ní Yorùbá kí wọ́n tó ṣe nǹkan kan.

Nínú 68, mọ́kànlá péré ló lè pe mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láìkọsẹ̀. Ìyẹn bà mí lọ́kàn jẹ́. Nítorí náà, n kò lè sọ fún yín pé gbogbo kíláàsì ni ọ̀nà yìí máa wúlò fún. Ọmọ tí kò mọ ònkà náà, ẹrù mìíràn lẹ gbé lé e lórí. Mo fi í sílẹ̀ fún àwọn yẹn, wọ́n ń ṣe é bí ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàrin àwọn mọ́kànlá yẹn, ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án, n kò tí ì gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ìyá rẹ̀ ń ta gààrí, ó máa ń bá a jókòó ní ọjà. Ó nawọ́. Ó ní, "Ọgbọ̀n àti ogún, àádọ́ta. Ọ̀kan àti méjì ló dín. Mẹ́tàdínláàádọ́ta." Àwọn tó kù yíjú wò ó. Mo ní kó wá sójú pátákó wá fi hàn wá, ó sì kọ ọ́ báyìí: 30 − 1, 20 − 2, 50 − 3, 47.

Ìyá Aláṣọ, bí ọmọ yín ṣe lè fi iṣẹ́ hàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí tíṣà tó mọ ìṣirò tó máa rí i tí á ní kò ṣe iṣẹ́. Kó sì kọ́ ti pátákó náà, torí ọjọ́ mìíràn á pàdé nọ́mbà ńlá tí ònkà ẹnu á há mọ́ ọn lọ́fun.

ÌYÁ ALÁṢỌ, Ìbàdàn

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, tíṣà. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ òní, mo mú ìwé rẹ̀ dání. N kò bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ. Ó ṣe 48 + 37 fún wọn, ó kọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kó kọ ọ́. Tíṣà náà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kó tún ṣe òmíràn. Wọn ò yọ X yẹn kúrò. Wọ́n fi tíìkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹgba, àmọ́ wọ́n fọwọ́ pa á lórí.

Lálẹ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé ọpọ́n ayò jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìyá mi ní kó kọ́kọ́ sọ fún òun, 33 àti 27, mélòó ni. Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Mẹ́ta lé lórí ọgbọ̀n, mẹ́ta dín nínú ọgbọ̀n. Wọ́n ti pa ara wọn, màmá. Ọgọ́ta." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ ayò sínú ihò, mẹ́rin-mẹ́rin.